Ọkọ̀ Tó Ń Mí Lẹ́nu Ọ̀nà Baálé

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi àwọn adìẹ ìlú Ìrókò. Kí n tó gba lọ́rì akóṣu yẹn wà, èéfín rẹ̀ pọ̀ débi pé bó bá wọ̀lú lọ́sàn-án gangan, adìẹ á wọlé lọ sùn. Nígbà tí èéfín bá ká, àkùkọ á kọ, á ní ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́.

Ìyá opó kan ló ni ọkọ̀ náà. Lọ́rì yìí nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ́ńjìnnì onítọ́bò ni, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè lágbára, ṣùgbọ́n ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń bù nínú dúróòmù ni dẹ́rẹ́bà tó wà á ṣáájú mi ń rọ sí i. Mẹkáníìkì tú tọ́bò náà lójú wa, ó fi irin ha inú rẹ̀. Ohun dúdú ń já bọ́, ó le bí èépá ìdí ìkòkò.

“Ọ́ìlì ló jóná báyìí,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n ṣe fún tọ́bò ni kẹ́ ẹ máa rà, kì í tètè jóná lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá sì gun òkè dé, ẹ má pa ọkọ̀ lójijì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ kí ara rẹ̀ wálẹ̀, kí ọ́ìlì inú tọ́bò má baà di èédú.”

Opó náà wò mí. “Bó bá tún bàjẹ́, àwọn alájákù irin ni mo máa tà á fún. Mi ò lágbára àtúnṣe mìíràn.”

Mo ra ọ́ìlì tó yẹ. Ìyẹn ò le. Baálé ló le.

Lóko tí a ti ń kó iṣu, lẹ́yìn Ìrókò, ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ di iṣu bí o kò bá kọ́kọ́ kí baálé. Wàá pa ọkọ̀, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkè ńlá la ó gùn kí a tó já sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo débẹ̀, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀.

Baálé wo ọkọ̀ tó ń kùn. Ó ní, “Ṣé iná lo wá mú ni?”

“Rárá, Bàbá.”

“Pa á, kí o tó kí mi.”

“Bàbá, bí mo bá pa á báyìí, inú rẹ̀ á jóná.”

“Inú ta ni?”

“Inú ọkọ̀ ni, Bàbá.”

Àwọn tó ti kó iṣu jáde dè mí bú sẹ́rìn-ín. Baálé ní kí wọ́n dá iṣu padà sínú àká.

Mi ò dìde. Níbi tí mo nà gbalaja sí ni mo ti rojọ́ pé ọkọ̀ opó ni, pé òkè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn. “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Bẹ́ ẹ bá ti oko dé, tí òógùn bò yín, ṣé ẹ máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?”

“Èmi? Màá jókòó nídìí ọsàn yẹn ná, kí èémí mi wálẹ̀.”

“Òun náà ò rí ìdí ọsàn jókòó sí ni.”

Baálé dìde, ó lọ fọwọ́ kan iwájú ọkọ̀, ó sì fa ọwọ́ yọ kíá.

“Ó gbóná lóòótọ́. Ọkọ̀ opó, o kú òkè gígùn o.”

Ó dúró tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ó dẹ etí, títí ó fi mi orí sí mi pé ó tó. Mo pa á. Ìgbà náà ló tó ní kí n wá kí òun. Mo tún dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì tún kó iṣu jáde.

Láti ọjọ́ náà, tí a bá dé, ọkọ̀ ni Baálé kọ́kọ́ ń kí. Àwọn dẹ́rẹ́bà yòókù fẹ́ fi ìyẹn ṣe ọ̀lẹ, wọ́n ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa kùn. Ó lé wọn: “Tìrẹ ò ní tọ́bò, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Pa á.” Kò sì ṣì í rí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, iṣu ni ọkọ̀ náà ṣì ń kó, ìyá opó ló sì ni ín.