Àwọn Àjèjì Lábẹ́ Bàtà Ọba

Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wé gèlè tán, mo jókòó sí pálọ̀ ọmọ mi ní Williamsbridge, lókè òkun níbí, mo gbé báàgì lé orúnkún. Mòpélọ́lá, ọmọ ọmọ mi, yọjú tòun ti oorun.

"Màmá, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ o."

Mo ní, nílé, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó ń rìnrìn àjò ti kọjá odò. Ó ní kò sí àkùkọ ní àdúgbò àwọn. Mo ní mo ti rí i pé ìyẹn gan-an ló ń ṣe wọ́n.

Ẹ̀yin ará ilé, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Mòpélọ́lá fẹ́ fẹ́ Jósẹ́ẹ̀fù, ọmọ Háítì tó ń gbé ní East Flatbush, tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan. Ṣẹ́gun, ọmọ mi, tó jẹ́ bàbá ọmọ náà, ní òun kò ní fọmọ fún àjèjì, àfi bí èmi bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ lọ wò ó, màmá," ó ní, "kí ẹ bá mi mú 'rárá' bọ̀." Ó ti di èsì fún mi bí ẹ̀kọ kí n tó jáde.

Sọ́bùwéè ni a wọ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní àdúgbò Ṣẹ́gun, orí òpó ló ń gbà. Mo rí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn ilé onílé kí ọkọ̀ náà tó wọ inú ilẹ̀ lọ bí òkété. Owó rẹ̀ tó bíi dọ́là mẹ́ta. Arúgbó ń san ìdajì, ohun kan ṣoṣo tí ọjọ́ orí mi bá mi rí gbà nílùú yìí nìyẹn. Obìnrin kan dìde fún mi, mo béèrè orúkọ rẹ̀.

Mòpélọ́lá fa aṣọ mi. "Màmá, a kì í béèrè orúkọ nínú ọkọ̀ níbí."

"Ta ni kí n wá máa ṣàdúrà fún?"

Kámẹ́n ló ń jẹ́. Ìyá arúgbó kan ló ń lọ tọ́jú.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ń ta burẹ́dì kan tí wọ́n lọ́ bí okùn, dọ́là mẹ́rin. Iyọ̀ orí rẹ̀ tó sọ ìbejì lórúkọ. Ní ti owó ìwọlé, ẹni tó bá ń gbé ìlú náà ń san ohun tó bá wù ú. Mo san dọ́là kan, wọ́n sì dúpẹ́.

Ní yàrá àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́, mo rí òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ ọba sí lára, ó dúró gbọnrangandan. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo àwọn ọkọ ìyàwó! Ṣé àna wọn ò tíì ní kí wọ́n dìde ni?"

Mòpélọ́lá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Màmá, kì í ṣe àna o. Àjèjì ni wọ́n, àwọn tí ọba ṣẹ́gun. Lójú àwọn ará Íjíbítì, àwọn nìkan ni èèyàn gidi. Wọ́n tiẹ̀ máa ń ya àjèjì sí ìsàlẹ̀ bàtà ọba, kó lè máa tẹ̀ wọ́n bó ṣe ń rìn."

Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀kan nírùngbọ̀n, irun ọ̀kan ká kókó, aṣọ ọ̀kan gùn délẹ̀. Wọ́n fi àmì sí kálukú kí ojú má baà ṣì wọ́n mọ̀, bí ilà tiwa. Mo fọwọ́ pa àbàjà ojú mi.

"Ẹ káàárọ̀, màmá." Ohùn náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Jósẹ́ẹ̀fù nìyẹn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ga, ojú ń tì í. Òyìnbó ló fi bá wa sọ ìyókù, Mòpélọ́lá ń túmọ̀. Ó ní ọba Íjíbítì kan fẹ́ ìyàwó mẹ́ta láti ilẹ̀ òkèèrè, bàtà wúrà sì ni wọ́n fi sin wọ́n.

Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó ń tẹ bàbá ìyàwó mọ́lẹ̀, ó ń ra bàtà fún ọmọ rẹ̀!"

Jósẹ́ẹ̀fù rẹ́rìn-ín títí ó fi rántí pé iṣẹ́ lòun wà.

Àmọ́ mi ò lè gbójú kúrò lára òkúta yẹn. Nígbà tí Sẹ́tọ́njí ọkọ mi, ọmọ Ègùn láti Àgbádárìgì, wá tọrọ mi ní Ọ̀yọ́, Àkànó bàbá mi pariwo pé, "Ègùn? Ègùn tí àwọn baba wa ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn!" Kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ti tán. Òun fúnra rẹ̀, kẹ̀kẹ́ kan ló ní, kò ní ṣéènì. Síbẹ̀, ó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí ó fi jẹ iyán tán, tó fọwọ́, tó tún tayín. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò. Títí Sẹ́tọ́njí fi darúgbó, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́: ó ní gbogbo èèrà ilé bàbá mi lòun mọ̀ lórúkọ. Ọdún tó kọjá ni mo sin ín. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ èèrà nílé wa mọ́.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni Jósẹ́ẹ̀fù ti ṣí fìlà, tó ti ń lọ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará òkúta yẹn gan-an. Àwọn àlejò dúró, wọ́n ń yà á sí fóònù. Kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀, mo ti gbá ìgúnpá rẹ̀ mú.

"Dìde, ọmọ mi. Dìde."

"Màmá," Mòpélọ́lá ní, "ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ ọ o!"

"Kó tọ́jú ìyókù de Ṣẹ́gun."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la délé. Ṣẹ́gun ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ mú èsì bọ̀?"

"Ṣẹ́gun, ta ni bàbá ẹ?"

"Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Dárúkọ rẹ̀ kí n gbọ́."

"Sẹ́tọ́njí."

"Ará ibo?"

Ó wolẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́nà ni mo wí fún un: ìdọ̀bálẹ̀ kò burú láyé, ẹni tó ń pẹ́ kó tó ní "dìde" ló burú.

"Ọjọ́ Àìkú ni Jósẹ́ẹ̀fù ń bọ̀," mo ní. "Tètè jẹun tìẹ tán kó tó dé."

Ṣẹ́gun rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an, ó ní, "Màmá, èèrà ò sí nílé yìí o."