Ohùn Ìyá Ẹ̀pẹ́ Tí Mo Kó Sínú Dúráìfù

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó ohùn náà síbi tó ti sọnù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹlòmíràn tí yóò dá lẹ́bi.

Àbúrò ìyá mi ló ni ohùn ọ̀hún. Ìyá Ẹ̀pẹ́ là ń pè é, nítorí òun nìkan ló kù sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí gbogbo wa ti tú lọ sí Ìkòròdú. Òun nìkan náà ló kù tó mọ ìtàn ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sétí ọ̀sà, ẹni tó bí ta ni, àti oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tó ni ín bá ti rò ó fún ẹni tó kàn tán, kò gbọdọ̀ rò ó mọ́ títí yóò fi kú.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, èmi ló pè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí orí àgbà ti ń jò. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni kí ohùn òun wà.

“Ohùn èèyàn kì í sun ilé méjì,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n wa kan rò ó fún ẹni méjì. Kò rí òjò ọdún tó tẹ̀lé e.”

Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo ṣèlérí. Nínú ọkàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi jókòó ti ara wa. Mo máa ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú, kí n gba Ìtòikin, kí n sì ti dé Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó mú. Ohùn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Ìgbà tí a parí ni kọ̀ǹpútà mi, tí fídíò ọmọ-ọmọ ti kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò gba nǹkan kan mọ́.

Mo pe ọmọ mi obìnrin, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́. Ó ní kò yẹ kí n ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Dúráìfù tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí n rà, bí ẹni fi yàrá kún ilé. Ó ní kí n ní sùúrù di Sátidé, òun yóò rà á wá níbi tí ilé iṣẹ́ àwọn ti ń rà á. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ara Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò yá lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan ń lé mi bọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Itamaga, ní Ìkòròdú níbí.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ará apá Ọ̀ṣun, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dúráìfù tó gbé fún mi kò ju agolo sadíìnì lọ, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbójú sókè wo ọkùnrin náà. Mo ní nǹkan yìí ò wúwo.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi lọ ata ni?” ló dá mi lóhùn, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ Ìkòròdú sí i, yóò tún béèrè òmíràn. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Nǹkan tí kì í yó, ṣé nǹkan ire ni?

Nílé, mo kó àwọn fídíò lọ síbẹ̀ ná, ó wá kan ohùn. Ọmọ mi ti kìlọ̀ pé kí n dá ẹ̀dà sí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo kó ohùn náà kúrò pátápátá, mo sì da ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà nù pẹ̀lú, kí ó lè jẹ́ ibì kan ṣoṣo. Orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá tò sínú dúráìfù. Mo ṣí àkọ́kọ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀. N kò ṣí ìkejì.

Ní Sọ́ńdè kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ wá kí ó lè gbọ́ oríkì rẹ̀. Ti ọjọ́ kìíní sọ̀rọ̀. Ti ọjọ́ kejì kò fọhùn. Ìkẹta, ìkẹrin, títí dé òpin, orúkọ nìkan ló wà níta, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ayédèrú ni dúráìfù náà. Ikùn rẹ̀ kéré, wọ́n kàn kọ́ ọ kí ó máa purọ́ pé ó tóbi. Bó bá ti yó, yóò ṣì máa gba ẹrù, yóò kọ orúkọ ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì da ẹrù nù.

“Bàbá, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà dà?”

Mo ro ọ̀rọ̀ ìlérí náà fún un. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá àwọn tó ń wá ohun tó sọnù. Wọ́n ní mo ti kó ẹrù tuntun lé ojú ibẹ̀, kò ṣeé rí mọ́. Èmi náà padà sí Itamaga. Ọkùnrin náà búra pé bí òun ṣe rà á nínú páálí lòun ṣe tà á. Ó fa òmíràn yọ, ó gbé e sọ́wọ́, ó tún gbé òmíràn. Gbogbo wọn ló fúyẹ́ bíi tèmi.

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ wà lórí ẹní lójú fèrèsé, ó ti súnkì. N kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, “Ohùn mi ńkọ́?”

Mo fẹ́ purọ́. N kò lè pa irọ́ náà. Mo ní ó ti lọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ì báà ṣe ìlàjì.

Ó mi orí. “Ohun tí mo ti fún ẹ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ìwọ rò ó, kí n gbọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ti ọjọ́ kìíní já geere. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ń fọwọ́ táràrà bí ẹni wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo dé orí baba kẹfà nínú ìran wa, orúkọ méjì ló wá sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì. Mo mú ọ̀kan. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí n bu omi fún òun.

Kò pé oṣù kan tí a fi sin ín. Mo ti kọ́ ọmọ-ọmọ mi ní gbogbo èyí tí mo rántí. Orí rẹ̀ pé, kì í gbàgbé. Bó bá dé orí baba kẹfà, yóò pe orúkọ náà sókè ketekete, láìṣiyèméjì, n óò sì wo ilẹ̀. N kò mọ ẹni tí à ń pè.