Bí Mo Ṣe Di Ajá ní Peckham

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá tí mo fi kúrò nílé wa ní Birmingham lọ́jọ́ Sátidé náà, mo ká ẹní rọ́bà kan sí abẹ́ abíyá. Ìyàwó mi wo ẹní, ó wo ikùn mi, ó ní, "Bàbá Wálé, ṣé ẹní yìí máa gbà yín ṣá?" Mo wọ bàtà mi. Ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ kì í bá ìyàwó jà lẹ́nu ọ̀nà.

Tọ́pẹ́ ni mo ń lọ bẹ̀, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé ọwọ́ èmi àti ìyàwó mi ló dàgbà sí. Láti ọdún méjì ni kò ti gbé ìpè mi mọ́. Ó ti pè mí nígbà náà pé òun kì í ṣe obìnrin, òun kì í sì í ṣe ọkùnrin, pé "they" ni kí àwọn èèyàn máa pe òun. "They" yìí, ẹ̀yin ará ilé, "wọ́n" ni. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ìwọ tí mo fọ ìdí fún, kí n máa pè ọ́ ní 'wọ́n'? Oyè wo lo jẹ?" Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Uncle, mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní yoga ní Peckham every Saturday. Tí ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ wá ṣe é. Ẹ má wá wòran."

Yógà ni eré ìdárayá àwọn ará Íńdíà: èèyàn á na ara, á sì máa mí. Kíláàsì ti Tọ́pẹ́ wà fún àwọn tó ń pe ara wọn ní "queer", ìyẹn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, àti àwọn bíi Tọ́pẹ́.

Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì dé London, wákàtí mẹ́ta. Ọ̀nà wọn tẹ́jú débi pé kò sí kòtò kan tó máa jí èèyàn lójú oorun. Ní Victoria, mo wọ bọ́ọ̀sì 36. Ìyá kan tó wọ sùtánà funfun jókòó tì mí, ó tẹjú mọ́ ẹní mi.

"Bọ̀dá, ẹ kú àárọ̀. Mọ́ṣáláṣí wo lẹ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn físíò tó ń na iṣan fún èèyàn ni, mà. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Olúwa á wò yín sàn."

Mo ṣe àmín. Ẹ̀yìn mi ò ṣe nǹkan kan o. Ojú ló ń tì mí. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, irọ́ náà ti di òótọ́.

Ní Rye Lane, mo rí iṣu tó wọ́n ju bàtà ẹsẹ̀ mi lọ, mo kí i, mo kọjá. Òkè ṣọ́ọ̀bù kan ni kíláàsì náà wà. Tọ́pẹ́ ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Uncle," ló wí. Kò kúnlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn nawọ́ síbi tí mo máa tẹ́ ẹní sí.

Ẹ̀gbẹ́ bàbá ará Jamaica kan ni, Désmọ́ǹdì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kí ni àgbàlagbà bíi tiẹ̀ ń wá níbí. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì mi lé mi nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ni mo fẹ́ràn. Látìgbà náà, ibí nìkan ni mo ti lè dijú láàárín èèyàn." Mo tẹ́ ẹní mi sún mọ́ tiẹ̀.

Tọ́pẹ́ ní, "Ara tí wọ́n ní kó máa tì ẹ́ lójú, ilé ẹ ni. Padà sílé." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ní ká ṣe "downward dog". Ajá tó dorí kodò ni! Ọmọ tí mo tọ́ ní kí n di ajá. Mo di ajá. Ikùn mi ṣí wá sí àyà.

Désmọ́ǹdì ní, "Máa mí, brother."

Mo ní, "Èémí wo?"

Nígbà tó yá, Tọ́pẹ́ ní ká sùn gbalaja, pé "corpse pose" la máa fi parí. Òkú kẹ̀! Mo lọgun: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọjọ́ mi ò tíì pé!"

Gbogbo wọn gbórí sókè. Lẹ́yìn náà ni Tọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọdún méjì. "Okay, Uncle, ẹ pè é ní oorun." Mo sùn. Wọ́n ní mo hanrun.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Tọ́pẹ́ gbé tíì wá. Mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Mo ní, "Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín."

Ó wẹ̀yìn wò. "Uncle, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa bọ̀wọ̀ fún mi? English ni mo sọ. Ní Yorùbá, 'ó' ti dáa. 'Ó' ò mọ akọ, 'ó' ò mọ abo. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!"

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá n'Ìbàdàn kí n tó wá sílùú òyìnbó! Mo ti fi ọdún méjì bínú sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n sọ lédè mi.

"Kí lo wá fẹ́ kí n yí padà?"

"'Ọmọbìnrin mi.' Every time. 'Ọmọbìnrin mi kì í ṣe báyìí.' Ó máa ń dùn mí, Uncle. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan."

Mo gbé ife sílẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú."

"Ẹ tún un sọ."

"Ọmọ mi, má bínú."

Ó gbé orí lé mi léjìká. Èjìká ọ̀hún ń ro mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò mira.

Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé èèyàn lè mọ gírámà kó má mọ ọmọ rẹ̀. Ní alẹ́, mo fọwọ́ ti ògiri wọlé bí arúgbó. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

"Ọmọbìnrin wa ńkọ́?"

"Ọmọ wa wà dáadáa. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó wò mí lójú. "Ọmọ wa," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó wá kọjú sí ilé ìdáná. "Kí ni ọmọ wa máa jẹ?"