Ìkíni Kún Kásẹ́ẹ̀tì

Kí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé wa ní Igbó-Ọrà, èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà ilé sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Jẹ́dà, nílẹ̀ Sáúdí. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Bàbá mi á sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ á fi tutù, ìyá mi á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìyá bàbá mi á ki oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí pé: "Gbogbo ilé ń kí ọ." Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń kọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí. Wọn ò mọ̀ pé mò ń gé wọn kúrú, inú gbogbo wa sì ń dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ba nǹkan jẹ́. Ó fi rédíò ńlá kan àti kásẹ́ẹ̀tì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ rán obìnrin Ìbàdàn kan tó máa ń lọ ra góòlù ní Jẹ́dà sí wa. Ó ní ká má kọ lẹ́tà mọ́, ohùn wa lòun fẹ́ máa gbọ́. Ayé ti lajú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n wá fi mí ṣe atẹ-bọ́tìnì, torí pé èmi ni mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà.

Kálukú nínú ilé ló ní ohun tó ń sọ sí ẹ̀rọ náà. Bàbá mi ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ni tí kì í fèsì, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́ bírò ọmọdé. Òun ló ń sá bátìrì rẹ̀ sóòrùn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi gbọ́ orin. Ìyá bàbá mi ní òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ bí wọn ò bá gbé e sórí àga, pé ọmọ ọmọ òun kì í ṣe ẹni tí í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ti ìyá mi ló burú jù. Bó bá ti béèrè pé, "Ọkọ mi, ṣé ara le?" á dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. "Ṣé ò ń rí oúnjẹ jẹ?" Á tún dákẹ́.

Mo ní, "Màmá, kò lè dá yín lóhùn báyìí o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣé kí n wá máa já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni?"

Gbogbo èyí ìbá jẹ́ ẹ̀rín lásán, bí kì í bá ṣe ti ìyàwó wa. Ọmọbìnrin aránṣọ kan ní Èrúwà ni ẹ̀gbọ́n mi ti bá ṣe ìdána kó tó rìnrìn àjò; ó kù kó dé kí wọ́n so yìgì. Lọ́jọ́ ọjà, ọmọbìnrin yìí máa ń wá kí wa, á bá ìyá mi bó gbágùúdá, á sì máa pè mí ní Adúmáadán, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ́mọ pọ̀n, ọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe ní ìlú Tápà sì ti ń lọ bá bàbá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ni àbí kò bọ̀? Ìyàwó tí a kò tíì gbé wọlé kò lè dédé bi ọkùnrin nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwọn àna rẹ̀ ló yẹ kó bá a bi í. Bàbá mi sì gbà láti bi í.

Àmọ́ àgbàlagbà kì í fi ọ̀rọ̀ gidi ṣáájú ìkíni. Bàbá mi kí ọmọ rẹ̀, ó kí ẹni tó gbà á síṣẹ́, ó kí obìnrin tó gbé rédíò wá, ó ṣàdúà, a ṣe àmín. Ìyá mi béèrè, ó dákẹ́. Ìyá bàbá mi ki oríkì. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì, àwọn ará ilé yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá. Ìgbà tó ku díẹ̀ ni bàbá mi tó tún ìjókòó ṣe, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ pè ọ́ gan-an ni pé, ìyàwó rẹ..." Gbà! Bọ́tìnì ta sókè. Mo ní ó ti kún.

Bàbá mi ní, "Kí ló kún? Ṣé àmù ni?"

Ìyàwó wa ní bóyá kóun lọ ra kásẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́jà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi."

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi lóòótọ́. Ó dáhùn gbogbo ìkíni lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún ìyá mi pé ara òun le, pé òun ń jẹun, ó sì béèrè gbogbo ará ilé títí kan ewúrẹ́ tó bímọ. Nípa ọ̀rọ̀ bàbá mi, ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò wọlé tán, kí wọ́n tún un sọ. Ìyàwó wa jókòó sórí ẹní, ó ń retí ibi tí yóò ti kan òun. Ó kàn án níkẹyìn. "Ìyàwó mi àtàtà..." Gbà! Bọ́tìnì ta.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tirẹ̀ kò pẹ́. Ìyá mi ní kó ṣe sùúrù, pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún.

Ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Àmọ́ kìnìún ọ̀hún ò tíì wọ̀lú."

Lọ́jọ́ tí a tún fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, mo ti tẹ bọ́tìnì, bàbá mi sì ń wú ikọ́ tó máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀, ni ìyàwó wa bá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Kí bàbá mi tó dáhùn, ó ti fẹnu sún mọ́ rédíò. Ó ní, "Èmi ni. Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi. Bí ẹ ò bá dé kí iṣu tuntun tó jáde, màá fẹ́ ẹ." Ó dìde, ó kí gbogbo wa pé ó dàbọ̀, ó sì lọ wọkọ̀ Èrúwà.

Ìyá mi káwọ́ lérí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin Tápà ló dùn ún. "Kò kí i! Ẹ tiẹ̀ gbọ́, kò bi í pé ara ńkọ́!" Ó ní kí n pa á rẹ́. Mo ní mi ò ní pa á rẹ́, ohùn mi sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá mi ní ká jẹ́ kó wà. Wọ́n wá fi ìyókù kásẹ́ẹ̀tì náà, ojú méjèèjì, bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó má bínú sí ọmọ tó sọ̀rọ̀ láìkíni.

Obìnrin tó ń ra góòlù, ẹni tó ń bá wa gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ, pẹ́ kó tó rìnrìn àjò. Iṣu tuntun jáde, a jẹ ẹ́. Àwọn òbí ọmọbìnrin náà wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ tẹnu wọn fún bàbá mi, wọ́n so yìgì rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Tápà. Mi ò lọ síbẹ̀. Mo jókòó sílé, mò ń sunkún, mo sì ń bínú sí rédíò tí kò ṣẹ̀ mí.

Àwọn àgbẹ̀ ti ń kọ ebè mìíràn kí èsì tó dé. Gbogbo wa jókòó, mo tẹ bọ́tìnì. Kò sí bisimilá, kò sí ẹ ǹlẹ́ o. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde bíi tẹni tó sáré dé: "Ẹ bá mi sọ fún un kó dúró dè mí. Mò ń bọ̀ nílé." Ó tán. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, ó ń ṣe ṣìì. Bàbá mi gbé etí sún mọ́ ọn, ó dá a lójú pé ìkíni ń bọ̀ lẹ́yìn. A jókòó tì í títí ojú kan fi tán. Mo yí i sí ojú kejì, òfìfo ni ìyẹn náà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wo rédíò náà títí, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé o mọ̀ ọ́n sọ báyìí látọjọ́ yìí?"