Àwòrán Ìyá Ràfíù ní Warehouse Road

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ amọ̀nà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Warehouse Road, ní Apápá. Ilé ìkẹ́rùsí ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òórùn kòkó ṣì wà lára ògiri. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa, tó kàwé nílùú òyìnbó tó sì ń wọ táì nínú ooru, fi ọlọ kan hàn mí nínú àpótí onígíláàsì. Ó ní, "Ohun ayé àtijọ́ nìyí." Ìyá mi ti fi irú rẹ̀ lọ ata láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ajégúnlẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Iṣẹ́ amọ̀nà ò le. Àlejò á dé, wàá rìn níwájú, wàá máa sọ ohun tí ọ̀gá ní kí o sọ. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ ilé kéú. Èyí tó gùn jù ni ti àwòrán ńlá kan tí òyìnbó kan yà: obìnrin kan jókòó láàárín àwọn àpò ìdọ̀họ, ó fọwọ́ lẹ́rán, ojú rẹ̀ fà ro. Lébẹ́ẹ̀lì, páálí pélébé tí a lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, sọ pé: "Ìbànújẹ́ Ìyá Áfíríkà."

Màá ní, "Ẹ wo ojú rẹ̀. Ìyà àwọn baba ńlá wa ló ń rò." Àwọn ìyàwó òyìnbó á mí kanlẹ̀, wọn á máa nu ojú. Ọ̀gá á tẹrí ba bí ẹni pé òun ló bí Áfíríkà.

Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá. Ọ̀gá ti pàṣẹ pé ẹni tó bá wọ sálúbàtà ò gbọdọ̀ wọlé. Ilé ìtàn àdúgbò ni, àdúgbò nìkan ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Obìnrin tí mo ti ń bá àlejò dárò látọjọ́ yìí nìyí, ó sanra.

"Ẹ káàsán o. Wọ́n ní mo wà lára ògiri yín."

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Àwọn alábàárù. Wọ́n ní, 'Mama, na you be dat.' Ìyá Ràfíù ni mí. Creek Road ni mo ti ń rán àpò."

Mo ní kí wọ́n bọ́ sálúbàtà, torí àṣẹ ọ̀gá ò sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ lásán. Mo ka lébẹ́ẹ̀lì náà fún wọn.

"Ìbànújẹ́ wo? Eyín ló ń dùn mí! Òyìnbó yẹn ní kí n má mira. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ọkọ mi ń febi pa mí débi pé òyìnbó fi ìyà mi kọ́ ògiri. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ní mo lọ rojọ́ ọmọ àwọn fún òyìnbó. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

Ọ̀gá jáde sí wa. "Iṣẹ́ ọnà ni, màdáámù. Kì í ṣe ìwọ gan-an."

"Ta wá ni?"

"Áfíríkà ni."

"Ṣé Áfíríkà ló máa bá mi bá àna mi sọ̀rọ̀?"

Ọ̀gá ní kí n mú wọn jáde. Mo mú wọn jáde.

Lọ́jọ́ tí kọmíṣọ́nnà fẹ́ wá wo ilé náà, Bàbá Ràfíù, ọkọ ìyá yìí, kó àwọn lọ́rì rẹ̀ wá dí ẹnu ọ̀nà wa. Kò pariwo. Ó jókòó, ó ń ja tẹ̀sùbáà.

"Ẹ yọ ìyàwó mi lára ògiri, kí n yọ lọ́rì mi lẹ́nu ọ̀nà."

Àwòrán náà gan-an ni kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ wá wò. Òógùn bo ọ̀gá. Mo ní, "Sà, ẹ ò ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan kún lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀?" Ó fẹ́ bú mi, ni fèrè ọkọ̀ ìjọba bá dún lókèèrè. Ó fa bírò yọ. Lébẹ́ẹ̀lì wá di: "Ìbànújẹ́ Ìyá Áfíríkà. Ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Mo sáré lọ kà á sí Bàbá Ràfíù létí, lọ́rì kúrò. Kọmíṣọ́nnà kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: omijé àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ẹ̀tàn níwájú àwòrán yẹn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Ràfíù kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí wá, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ó ní kí n ka lébẹ́ẹ̀lì. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe "Máṣà Àlàáù."

Ìgbà yẹn ló tó sún mọ́ àwòrán náà. Kò tíì fojú kàn án rí. Ó wo ọwọ́ tó wà lẹ́rán, ó wo ojú náà pẹ́.

"Ìyá Ràfíù, ṣé bó ṣe dùn ọ́ tó nìyí?"

"Bí eyín ṣe dùn mí nìyẹn."

"Ìgbà wo?"

"Odidi oṣù tí òyìnbó yà mí ni. Iwájú yín ni mo ti ń jẹun. Ẹ ò béèrè."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí n tún lébẹ́ẹ̀lì náà kà, òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Bàbá Ràfíù ní kí n má kà á mọ́.