Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Verna Tollefson, olùkọ́ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Corliss, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí oko àgbàdo ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà yí ká. Kò lọ́kọ, kò lájá, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, àfi Curtis Blaisdell tí ọ́fíìsì wọn jọ fara kanra. Ti Curtis yẹn, ó bá a ṣọ̀tá dáadáa, bí Curtis alára ò tiẹ̀ mọ̀.

Ohun tó fà á kò ju àga oníke kan lọ. Ní Corliss, ìwé lọ̀gá. Wọn kì í san owó ilé ìwé fún ẹnikẹ́ni torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, síbẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti di ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ sí gbogbo agbègbè náà. Wọ́n á kàwé nínú bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n á na ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ́ nà, wọ́n á tún kàwé bọ̀. Torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Olùkọ́. Lóṣù kẹwàá, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà ní ọdún àṣekágbá á yan olùkọ́ kan tó ràn án lọ́wọ́ jù. Olùkọ́ náà á wọ jẹ́sì ọmọ yẹn, á sì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá títí ìdíje á fi parí.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Verna ti ń wò wọ́n, kò sì pa ìdíje kankan jẹ rí tí wọ́n bá ń gbá a nílé. Ìlà kẹta ló máa ń jókòó sí, tòun ti bírò pupa àti ìwé ìdánwò tó ń máàkì lórí itan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àgbàlagbà olùkọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wo bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó yàn án rí. Curtis, tó ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé, tó máa ń pariwo "Góòlù!" bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ilẹ̀, ti wọ jẹ́sì mẹ́fà. Ó fi gbogbo ẹ̀ kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí aráyé lè rí i.

Lọ́dún yìí, ọkàn Verna balẹ̀. Maren Stachowski ti wà ní ọdún àṣekágbá. Maren ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún àwọn tó ń gbá a mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí nínú pápá, ojú ara wọn làwọn yòókù á máa wò. Ó fẹ́ di dókítà, bẹ́ẹ̀ kẹ́mísìrì ń pa á lẹ́kún. Ọdún mẹ́ta gbáko, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ni Verna fi jókòó tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ta ni Maren ì bá tún yàn? Verna tiẹ̀ ti lọ ra ṣòkòtò búlúù tí yóò bá jẹ́sì náà mu.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà táwọn ọmọ fi ń yan olùkọ́ dé inú àpótí àwọn olùkọ́, Curtis ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Verna, wá bá mi wo nǹkan. Maren ló yàn mí o. Ìkeje rèé. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo máa fi eléyìí kọ́ sí mọ́."

"Fi kọ́ sórí ẹ. Àyè pọ̀ níbẹ̀."

"Àbí ò ń jowú ni?"

"Èmi? Torí jẹ́sì? Kú oríire, jàre."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó tìlẹ̀kùn, ó sunkún bí ọmọdé. Owú ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pe orúkọ mìíràn fún un. Kí ni Curtis kọ́ ọmọ yẹn gan-an? Bí èèyàn ṣe ń ṣubú lórí ìtàgé láì fara pa! Nígbà tí Ọjọ́ Olùkọ́ pé, ìjókòó Verna ní ìlà kẹta ṣófo. Kò tíì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Corliss ni wọ́n ní kó gba ìdíje agbègbè lálejò. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ọdún ti parí fún un nìyẹn. Aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ìdíje àkọ́kọ́ sí, aago kan náà sì ni ìdánwò tí Verna fẹ́ fún kíláàsì Maren. Àwọn olùkọ́ yòókù ti sún tiwọn. Verna náà ti sún tirẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí láìmọye ìgbà. Lọ́dún kan, inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí Maren fi lọ bá a.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè kọ tèmi láàárọ̀?"

"Òfin lòfin, Maren. Aago kan ni mo kọ síbẹ̀."

Verna ti to èsì jọ sẹ́nu lóríṣiríṣi, ó ń dúró de àríyànjiyàn.

"Ó dáa, mà," ni gbogbo ohun tí Maren sọ. "Màá wà níbẹ̀."

Verna wá ń retí pé Ruthanne Pickett, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, á wá bẹ òun, kí òun lè kọ́kọ́ kọ̀, kí òun sì wá gbà nígbẹ̀yìn. Ruthanne kò yọjú.

Gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù kò jìnnà sí kíláàsì tí wọ́n ti kọ ìdánwò lọ́jọ́ náà; bí ariwo bá sọ, gíláàsì fèrèsé á gbọ̀n. Maren wọ jẹ́sì sábẹ́ súwẹ́tà, kò gbórí sókè. Etí Verna wà níta, ó sì mọ̀ pé igbe àwọn àlejò ló ń lékè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ sọ pé, "Máa lọ, wá parí ẹ̀ lọ́la." Ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ló rántí àwòrán Curtis nínú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́, nínú jẹ́sì Maren, tó ń juwọ́ bí ọba, ikùn ńlá níwájú. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, Maren fi ìwé sílẹ̀, ó sì bẹ́ jáde. Verna ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń sáré gba orí koríko. Kò tíì débẹ̀ tí igbe ńlá kan fi sọ, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Maren dúró síbi tó dé. Àwọn àlejò ti na Corliss ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí òdo.

Ìwé Maren ni Verna kọ́kọ́ máàkì. Ó wá àṣìṣe kiri inú ẹ̀, bóyá ara á tu òun díẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni ọmọ náà gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Ruthanne ní gbọ̀ngàn níbi tó ti ń ká àwọ̀n.

"Ruthanne, kì í ṣe tòfin. Owú ni. Àga yẹn ló wù mí, ọmọ náà wá lọ yan Curtis. Mo fẹ́ kó dùn ún bó ṣe dùn mí."

Ruthanne ò dá iṣẹ́ dúró. "Curtis máa ń bẹ̀ wọ́n ni, àbí ẹ ò mọ̀? Látoṣù kẹsàn-án ló ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, 'Ta ló máa yàn mí o?' Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ gbé bírò pupa dání, ẹ ò rẹ́rìn-ín sẹ́nì kankan. Àwọn ọmọ rò pé iṣẹ́ lẹ máa ń wá ṣe níbí, torí pé ọ́fíìsì yín tutù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Kí ló wá dé tí o ò wá bẹ̀ mí nípa ìdánwò yẹn? Ǹ bá ti gbà."

"Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Maren ló dá mi dúró."

"Maren?"

"Ó ní òun rí i pé ẹ ò wá ní Ọjọ́ Olùkọ́, òun sì ti mọ ohun tó ń ṣe yín. Ó ní kí n fi yín sílẹ̀, pé òun lòun kọ́kọ́ ṣẹ̀ yín."

Verna di etí kejì àwọ̀n náà mú, ó sì bá a ká a. Ì bá sàn fún un kí ọmọ náà ti bú u.