Wọ́n Pe Tíṣà Tìmẹ́hìn ní Ọ̀mùtí

Ọmọ Ìkirè ni Tìmẹ́hìn, ṣùgbọ́n Maiduguri ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ìgbà tó ti jáde ní yunifásítì níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá iléèwé sọ níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀mùtí ni, ó sì lé e kúrò ní kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, Tìmẹ́hìn kò fẹnu kan ọtí rí!

Ó wọ kẹ̀kẹ́ láti Bolori, àdúgbò tó ń gbé, lọ rí dókítà.

Dókítà ní, “Àrùn Pákínsìn ni, sà. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń kú. Ó sì jọ pé àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, wà lára ohun tó ń pa wọ́n.”

“Ara mi ń bá mi jà, wọ́n tún ń pè mí ní ọ̀mùtí?”

Oògùn dín gbígbọ̀n náà kù. Nígbà tí ọ̀gá gbọ́ òótọ́, ó rọra pè é sí ọ́fíìsì. “Ẹ má bínú, mallam,” bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà níbẹ̀.

Tìmẹ́hìn fárígá. “Rárá, sà. Níwájú àwọn ọmọ lẹ ti bú mi. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti bẹ̀ mí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Tìmẹ́hìn padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i.